Níbo Ni Ọkọ̀ Yìí Yóò Ti Jẹun?

Igba ó lé ọgọ́rin. Mo tún un ṣírò, kò yí padà. Láti Ajah dé Ìbàdàn, ọgọ́jọ kìlómítà. Láti Ìbàdàn dé Ìkìrun, ọgọ́fà. Ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n ní ọkọ̀ oníná yìí máa ń rìn bí bátìrì rẹ̀ bá kún nígbà tí mo rà á, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ni, bátìrì rẹ̀ ti dàgbà. Igba ló kù lára rẹ̀ báyìí. Igba, bí mo bá rọra, bí mo bá fi ẹ̀rọ amúlétutù sí ìwọ̀nba, bí wọn ò bá dá wa dúró sínú oòrùn ní Bẹ́gà... Ọgọ́rin kìlómítà ni mo ń wá. Ọgọ́rin péré. Ó gbọ́dọ̀ gba iná níbì kan lójú ọ̀nà, ọ̀la la sì ń lọ, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, èmi àti Màámi.

Inú ọkọ̀ náà ni mo jókòó sí. Ó wà níwájú ilé, wáyà rẹ̀ wà lára ògiri, ó ń gba iná lọ jẹ́jẹ́. Ọgọ́rin lórí ọgọ́rùn-ún. Mo sọ fún Ṣùkúrátù ìyàwó mi pé mo fẹ́ wo táyà. Mi ò wo táyà kankan. Wákàtí kan rèé tí mo ti jókòó síbí, ṣẹ́ẹ̀tì ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn, fóònù wà lọ́wọ́ mi, mo ń kọ orúkọ ìlú, mo ń pa á rẹ́. Ọkùnrin tó ń kọ́lé fún àwọn èèyàn láti Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí dé Oníru, tó mọ iye irin tó ń lọ sínú ilé alájà márùn-ún láìwo ìwé... ọgọ́rin kìlómítà ló mú un jókòó.

Ṣàgámù. Ẹ jẹ́ ká tún wo Ṣàgámù. Òtẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀, mo pè wọ́n láàárọ̀. Ọkùnrin tó gbé e bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ó ní iná ìjọba kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn kí ilẹ̀ tó ṣú, jẹnẹrétọ̀ àwọn sì ní iye tó lè gbé. Ó wá bi mí pé, "Ọ̀gá, tí ọkọ̀ yín bá mu gbogbo iná wa, ẹja inú fíríìsà wa ńkọ́?" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa fóònù. Ká tiẹ̀ ní wọ́n gbà, Ṣàgámù ti sún mọ́ ilé jù. Ó ku kìlómítà márùndínnígba láti ibẹ̀ dé Ìkìrun. Márùn-ún ni yóò ṣẹ́ kù nínú bátìrì. Ká ní mo ṣìnà lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀bá ọ̀nà ni ìyá ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin yóò jókòó sí. Rárá. Pa Ṣàgámù rẹ́.

Ìbàdàn, nígbà náà. Máàpù orí fóònù ní ibì kan wà ní Ìbàdàn tí wọ́n ti ń fún ọkọ̀ oníná ní iná, ó tiẹ̀ fi àmì ewé tútù sí i. Mo pe nọ́ńbà wọn. Obìnrin kan ló gbé e. Ó ní òun ò sí níbẹ̀ mọ́ o, ṣùgbọ́n bí òun ṣe gbọ́, wọ́n ti tú nǹkan náà palẹ̀ láti ìgbà Iléyá, ẹni tó fẹ́ tún un ṣe ò tíì padà wá. Ó bá mi kẹ́dùn. Pa á rẹ́.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́... Háà. Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ nìyẹn. Aládùúgbò wa, Ọ̀gá Ògúnkúnlé, ló dá a lábàá pé kí n gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré sẹ́yìn ọkọ̀, pé ibi tí iná bá ti tán, kí n sọ̀kalẹ̀, kí n fa okùn rẹ̀. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì mọ̀, síbẹ̀ mo gbé e jáde lánàá, mo dán an wò. Mo ra ọkọ̀ tí kì í mu bẹntiróòlù, mo wá ń da bẹntiróòlù sínú jẹnẹrétọ̀ nítorí rẹ̀. Nǹkan náà gbọ̀n, ó wúkọ́, ó rú èéfín dúdú, ó kú. Màámi yọjú lójú fèrèsé, ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Wọ́n ní, "Májíìdì, èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń tọ́jú èkejì?"

Mo rẹ́rìn-ín náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ kí Màámi rẹ́rìn-ín báyẹn. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti wà lọ́dọ̀ wa, láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n fẹ́ lọ jókòó sílé ara wọn ní Ìkìrun, kí wọ́n máa wo àgbàlá wọn, kí ẹni tó bá ń kọjá máa kí wọn. Mi ò lè dá wọn dúró. Mi ò sì fẹ́ kí wọ́n lọ. Tí wọ́n bá lọ tán, ta ni... ó dáa, ká padà sórí iná.

Ṣùkúrátù ní kí n gbé jíìpù òun. Jíìpù rẹ̀ wà níbí, ó ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ géètì, tánkì rẹ̀ kún. Wákàtí márùn-ún, a ti dé Ìkìrun. Kò sí ìṣirò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Màámi ò gbà. Wọ́n ní òórùn bẹntiróòlù máa ń rú àwọn nínú, pé ọkọ̀ mi tí kì í pariwo yẹn ni kí n fi gbé àwọn lọ sílé. Mo ní, Màámi, yóò dúró lọ́nà o, yóò pẹ́ o. Wọ́n ní kí ló ń lé wa.

Kí ló ń lé wa. Ẹni tó ti ń di ẹrù láti ọjọ́ Ajé. Gbogbo ilé ń rùn fún ẹja báyìí, kódà ó ń bá mi nínú ọkọ̀ níhìn-ín. Wọ́n ní kí Ṣùkúrátù ra ẹja Ẹ̀pẹ́, wọ́n fúnra wọn jókòó ti iná, wọ́n yan án. Wọ́n kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé orí rẹ̀. Ẹja ńláńlá mẹ́fà, torí-torí. Bẹ́ẹ̀, Màámi ò ní eyín tí wọ́n lè fi jẹ orí ẹja...

Ìbàdàn. Mo tún ti padà sí Ìbàdàn.

Ó dáa, kí n sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Ibì kan wà. Mo ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé ibẹ̀ wà, mo kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tó rí olówó orí rẹ̀ àná lọ́jà. Akóbọ̀. Ilé Àǹtí Waliyat, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo. Iná kì í lọ ní àdúgbò wọn mọ́. Mo mọ ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà lára ògiri ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí bàbá wa máa ń jókòó sí. Tí mo bá dé ibẹ̀ pẹ̀lú ogójì kìlómítà nínú bátìrì, tí mo ki wáyà bọ̀ ọ́ fún wákàtí mẹ́fà, ó ti tó. A dé Ìkìrun kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìṣirò náà bára mu, kò ṣẹ́ku, kò lé.

Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà. Mi ò lè ki wáyà bọ ògiri onílé kí n lọ dúró sí títì. Màá wọlé. Màá dọ̀bálẹ̀. Wọ́n á gbé oúnjẹ wá, màá jẹ ẹ́, nítorí pé Màámi á máa wò mí. Lẹ́yìn oúnjẹ, wákàtí márùn-ún ṣì kù. Kí ni màá wò? Ọdún mẹ́ta ni èmi àti Àǹtí Waliyat ò ti bá ara wa sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá pe Màámi, mo máa ń gbé fóònù fún wọn, mo máa ń jáde kúrò nínú yàrá.

Ọ̀dọ̀ wọn ni bàbá wa kú sí. Oṣù mẹ́rìnlá ni Àǹtí Waliyat fi wẹ̀ wọ́n, tí wọ́n fi fún wọn lóúnjẹ, tí wọ́n fi ń gbé wọn dìde. Lẹ́yìn Àsùbáà ọjọ́ kan, bàbá wa dákẹ́. Ọjọ́ kan náà la máa ń sin òkú àwa Mùsùlùmí, gbogbo èèyàn ló mọ̀. Nígbà tí mo dé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti kọjá. Wọ́n ti tẹ́ ilẹ̀ sàréè. Mi ò rí ojú bàbá mi. Mo dúró lórí iyẹ̀pẹ̀ tútù yẹn lẹ́yìnkùlé ní Akóbọ̀, lójú ààfáà, lójú àwọn àbúrò bàbá wa, mo sì la ẹnu mi sí Àǹtí Waliyat. Mo ní, "Ẹ yára sin wọ́n bí ẹni tó ti rẹ̀. Ó ti rẹ̀ yín láti tọ́jú wọn, ẹ sì ti bọ́."

Mo sọ ọ́. Ẹnu mi ló ti jáde. Fún ẹni tó ti fi oṣù mẹ́rìnlá...

Wọn ò bá mi jà. Gèlè ti tú lórí wọn, yẹ̀pẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n ní, "A ti wẹ̀ wọ́n tán ní aago mẹ́wàá, Májíìdì. Wákàtí mẹ́fà la fi dúró dè ọ́. Mo bẹ ààfáà títí ó fi kírun Alaasari."

Mo dá wọn lóhùn pé ọ̀nà ni. Mo ní ọ̀nà dí, mo ní tírélà ṣubú. Ohun tí mo sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn, Màámi, Ṣùkúrátù, àwọn ará ọ́fíìsì tó wá kí mi. Tírélà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́, tírélà náà ti ní àwọ̀ lójú mi, mo lè sọ ohun tó gbé.

Kò sí tírélà.

Aago méje ni wọ́n pè mí. Mo wà ní sáìtì ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, à ń da kọnkéré òkè ilé, ọkọ̀ tó ń pò ó ti tò sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Àǹtí Waliyat, mo ní mò ń bọ̀. Mo fi fóònù sápò. Mo padà sídìí kọnkéré. Mo sọ fún ara mi pé kọnkéré kì í dúró de èèyàn, tí a bá fi í sílẹ̀ lágbede méjì, yóò bàjẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Hakeem wà níbẹ̀, olórí àwọn òṣìṣẹ́, ó mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ máa lọ, màá mójú tó o." Mi ò lọ. Mo ń wọn nǹkan tí wọ́n ti wọ̀n. Mo rò pé bí mi ò bá tíì kúrò níbẹ̀, bàbá wa ò tíì kú. Ẹ̀rù ló bà mí. Aago kan ọ̀sán ni mo tó wọkọ̀.

Méje sí kan. Mi ò kà á rí. Ọdún mẹ́ta, èmi tí mo ń ka gbogbo nǹkan, mi ò fi ìka ka èyí rí. Méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án... Mẹ́fà. Wákàtí mẹ́fà ni èmi náà lò nídìí kọnkéré.

Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún. Iná ń wọlé.

Dúró ná. Òórùn bẹntiróòlù ń rú Màámi nínú... láti ìgbà wo? Oṣù Kejìlá tó kọjá, jíìpù yìí kan náà la wọ̀ lọ sí Bàdágìrì. Ẹ̀yìn ni wọ́n jókòó sí, wọ́n jẹ bọ̀ọ̀lì dé ibẹ̀, wọ́n jẹ ẹ̀pà padà. Inú wọn ò rú. Oṣù méjì sẹ́yìn, lórí oúnjẹ, wọ́n ṣàdédé sọ pé iná kì í lọ ní Akóbọ̀ mọ́. Mo rò pé ìròyìn lásán ni. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jáde wá bá mi níbi tí mo ti ń ki wáyà bọ ọkọ̀, wọ́n ní, "Májíìdì, wákàtí mélòó ni ọkọ̀ rẹ fi ń jẹun?" Mo ní ó tó mẹ́fà, Màámi. Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ lọ sílé.

Ẹja náà wá yé mi. Láti kékeré, bí wọ́n bá se ẹja nílé wa, èmi ni mo máa ń gba àárín, mi ò fẹ́ egungun. Àǹtí Waliyat nìkan ló máa ń jẹ orí, tó máa ń tú u jẹ́jẹ́ títí kò fi ní ku nǹkan kan. Kò sí ẹni tó ń jẹ orí ẹja ní Ìkìrun.

Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, Ṣàgámù, òtẹ́ẹ̀lì, jẹnẹrétọ̀. Mo kọ ìlà kan: Akóbọ̀, wákàtí mẹ́fà. Mi ò mọ ohun tí màá sọ ní wákàtí àkọ́kọ́. Bóyá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la máa sọ, bóyá a kàn máa gbọ́ ohùn ṣíbí lára abọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ èyí tí màá sọ kí bátìrì tó kún, tí mo bá tiẹ̀ sọ ọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀ lẹ́yìnkùlé níbi tí bàbá wa wà, kí Àǹtí Waliyat ṣáà gbọ́. Àǹtí mi, aago kan ni mo kúrò ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. Kì í ṣe ọ̀nà.