Ibùdókọ̀ Tí Mo Gbá

Ẹ má bínú pé mò ń pe ọkọ mi ní "ó" nínú ìtàn yìí. Ọjọ́ tó da ìdọ̀tí sí ibùdókọ̀ mi ni mo ti gba "wọ́n" lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì tíì dá a padà tán.

Ẹnu iṣẹ́ rélùwéè ni àwa méjèèjì ti fẹ̀yìn tì. Òun ń fi ọ̀dà kun ara ọkọ̀, èmi ń gbá ibùdókọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi gbá a, láràárọ̀, kí ọkọ̀ aago mẹ́jọ tó gbéra. Ọkọ̀ yẹn ò sì gbéra ní aago mẹ́jọ rí o. Ìṣẹ́jú méjì ló fi máa ń pẹ́ lójoojúmọ́, gbogbo wa sì gbà pé dírẹ́bà ló ya ọ̀lẹ. Ọkọ mi a máa sọ pé dírẹ́bà yẹn gan-an ló dára rán níkú.

Wọ́n ti wó ibùdókọ̀ náà báyìí, wọ́n ti kọ́ ilé ìtajà sójú ẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ ọkọ mi dilẹ̀, ó kó sínú yàrá tí ọmọ wa obìnrin fi sílẹ̀ nígbà tó lọ sílé ọkọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibùdókọ̀ wa sórí tábìlì. Páálí ló fi ṣe ògiri, igi ìṣáná ló fi ṣe bẹ́ǹṣì, eruku pákó tó pa láró ló fi ṣe koríko. Àwọn èèyàn inú ẹ̀ kò ga ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ó ṣe ojú irin, ó ṣe táǹkì omi, ó ṣe fèrèsé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Mo kọ́kọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbà ti padà di ọmọdé, ṣùgbọ́n nígbà tó pè mí wá wò ó, ẹnu mi wọhò. Ibi iṣẹ́ mi ni. Mo fi ìka kan pèpéle tí èrò ti ń wọkọ̀, inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé oúnjẹ lórí iná.

Kò pẹ́ sí i ni ẹgbẹ́ àwa òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì fi ìwé ránṣẹ́. Wọ́n ti tún gbọ̀ngàn ìpàdé ṣe, wọ́n sì fẹ́ gbé àwòrán ńlá kan ti ibùdókọ̀ àtijọ́ kọ́ sára ògiri. Kí ẹni tó bá ní fọ́tò tó dára mú un wá ní ọ̀sán Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, Ọ̀gá Fèrè ni yóò mú ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀gá Fèrè ni olórí ibùdókọ̀ wa nígbà náà. Fèrè tí wọ́n ń fọn kí ọkọ̀ tó gbéra la fi sọ wọ́n lórúkọ. Wọn kì í yin èèyàn. Láàárín ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, "ẹ kú iṣẹ́" nìkan ló ń ti ẹnu wọn jáde sí mi, wọn ò fi nǹkan kún un rí.

"Tèmi ni wọ́n máa gbé kọ́," ni ọkọ mi wí. "Ọmọ wa á bá mi yà á bíi pé ibùdókọ̀ gidi ni. Ó kàn mọ́ jù ni. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́ kó gbó."

Ló bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ní àwọ̀ ò tíì gbẹ, kí n má wọlé. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tí mo kàn ń rí ni èédú tó ń gún nínú odó mi kékeré, àti ṣọ́ọ̀kì tó ń lọ̀ mọ́ ọn.

Lọ́jọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé yẹn, ó jáde lọ ra gọ́ọ̀mù, ó sì gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sára ilẹ̀kùn. Mo wọlé.

Ohun tí mo rí kò ṣeé fẹnu sọ, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Èédú ti bo ògiri látòkè délẹ̀. Ìpẹtà ń ṣàn lára táǹkì. Ó ti gé ìwé ìròyìn wẹ́wẹ́, ó fọ́n ọn ká sórí pèpéle. Ó tilẹ̀ tún fi òwú ṣe ilé aláǹtakùn sójú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, fèrèsé tí mo máa ń nù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Mi ò ní parọ́, mo mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ṣùgbọ́n kí orí mi tó sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi ti bu omi ọṣẹ sínú abọ́, ó ti mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Mo fọ ògiri. Mo fọ táǹkì. Mo fọ bẹ́ǹṣì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀dà tó ti kọ́kọ́ fi kun páálí náà, gbogbo ẹ̀ ì bá ti rẹ̀ dànù. Nígbà tí mo ṣe tán, ibùdókọ̀ mi ń dán bí àwo tuntun, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì wà nínú abọ́ omi dúdú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Ọkọ mi wọlé. Ó wo tábìlì, ó wo abọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyá ọmọ mi, kí lo ṣe?"

"Mo tún ibùdókọ̀ mi ṣe ni."

"Ìdọ̀tí yẹn ló ń jẹ́ kó jọ òótọ́."

"Òótọ́ ta ni?" ni mo wí. "Ẹ fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri níṣojú Ọ̀gá Fèrè, kí gbogbo ẹgbẹ́ máa bi ara wọn pé, obìnrin tí wọ́n ń sanwó fún láti gbá ibẹ̀ dà? Ilé ti wó, ìgbálẹ̀ ti gbó. Orúkọ pé mo gbá a dáadáa, òun nìkan ló kù fún mi. Ẹ sì wá lọ fi èédú kùn ún."

Mo rí i lójú ẹ̀ pé kò ro ọ̀rọ̀ náà débẹ̀ rárá, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí.

Ọmọ wa gbé kámẹ́rà ẹ̀ dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Iṣẹ́ fọ́tò ló fi ń jẹun. Ó gbọ́ tẹnu bàbá, ó gbọ́ tẹnu ìyá, kò dá sí i. Ó kàn ya fọ́tò kan, ó sì gbé e fún mi wò.

"Mọ́mì, kí lẹ rí?"

Mo fẹ́ sọ pé ibùdókọ̀ mi ni. Ṣùgbọ́n páálí ọṣẹ ni mo rí, páálí ọṣẹ tó ní fèrèsé. Kò sẹ́ni tó jókòó níbẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó dúró de ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí. Bí ẹnikẹ́ni ò bá sì wá síbẹ̀ rí, kí wá ni mo gbá fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n? Ìbànújẹ́ gbá mi mú ju ti ọjọ́ èédú lọ.

"Ẹ sún," ni mo wí fún ọkọ mi. "Ẹ gbé èédú yín wá. Ìdọ̀tí tí ẹ ò mọ̀ lẹ lọ ń ṣe."

Mo jókòó tì í, mo sì ń kọ́ ọ bí ẹni kọ́ ọmọ. Ibùdókọ̀ tí wọ́n ń gbá lójoojúmọ́ ní ìdọ̀tí tiẹ̀, ó sì mọ ibi tó ń gbé. Ògiri ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì, níbi tí èrò ń gbé orí lé, òróró irun ṣe ìlà méjì síbẹ̀, ti àgbà lókè, ti ọmọdé nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ èrò ti jẹ àárín àtẹ̀gùn kẹta. Níbi tí orí ọkọ̀ máa ń dúró sí, òróró ẹ́ńjìnnì ń kán sílẹ̀; gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo máa ń ha á, kò lọ rí, ó kàn ń ṣe àwọ̀ eérú ni. Ẹ̀yìn táǹkì kì í mọ́ àfi tí ọkọ̀ aago mẹ́jọ bá ti lọ, torí ibẹ̀ ni mo ń gbá kẹ́yìn.

Ọkọ mi ń po èédú mọ́ ṣọ́ọ̀kì, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tọ́ ọ sí i. Tó bá pọ̀ jù, mo fi ìka nù ún.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń gba ibẹ̀ kọjá," ó ní, "mi ò rí ọ̀kan nínú gbogbo èyí."

"Ara ọkọ̀ lẹ̀ ń wò. Èmi ni mò ń wolẹ̀."

Nígbà tó kan iyanrìn iwájú, mo gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ẹ̀. Mo fà á bí mo ṣe máa ń fa ìgbálẹ̀, ìlà tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, tí gbogbo wọn kọjú sí ibì kan náà, torí ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Mo wá kó pàǹtírí díẹ̀ jọ sí etí pèpéle, òkìtì kékeré kan, bí mo ṣe máa ń ṣe kí n tó lọ mú ìkólẹ̀ wá kó o. Ọkọ mi fa irun yọ lára búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀ tó dára jù, ó fi òwú dì í, ó di ìgbálẹ̀. Ó bi mí pé níbo ni kí òun gbé e sí. Mo ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, kó dorí ẹ̀ sókè. Ó ní èmi ńkọ́, ṣé kí òun má fi mí sí i ni? Mo ní mo ti lọ mú ìkólẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, nígbà tí oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ọmọ wa ta aṣọ búlúù sẹ́yìn tábìlì fún ojú ọ̀run, ó sì gbé páálí funfun sí òdìkejì kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ibi tó ṣókùnkùn. Ó kúnlẹ̀ títí kámẹ́rà fi bá ojú àwọn èèyàn kéékèèké yẹn dọ́gba. Ó ya mẹ́tàlá láìsún kúrò, ó pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan kí iwájú àti ẹ̀yìn lè hàn kedere bákan náà, ó sì lọ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Fọ́tò méje ló wà lórí tábìlì ní gbọ̀ngàn. Ọ̀gá Fèrè ti darúgbó, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣì mú. Wọ́n wo ti àkọ́kọ́, wọ́n kọjá. Wọ́n wo ìkejì, wọ́n kọjá. Wọ́n dé ìdí tiwa, wọ́n dúró. Ẹ̀rù bà mí. Ọkọ mi fẹ́ sọ̀rọ̀, mo já a léèékánná.

"Ta ló ya eléyìí?" Wọn ò dúró gba èsì. "Aago mẹ́jọ ti lù. Ó ti gbá iwájú, kò tíì dé ẹ̀yìn táǹkì. Ó ti lọ mú ìkólẹ̀." Wọ́n fi ìka kan òkìtì kékeré yẹn. "Èyí ni ò jẹ́ kí n tíì fọn fèrè."

Dírẹ́bà àtijọ́, tó jókòó lẹ́yìn, dìde dúró. "Ọ̀gá, kí lẹ wí?"

"Tí ọkọ̀ bá gbéra, atẹ́gùn ẹ̀ á fọ́n pàǹtírí yẹn ká padà, iṣẹ́ obìnrin náà á di òfo. Ojú fèrèsé mi ni mo ti máa ń wò ó. Tó bá kó o tán, mo máa ń fọn fèrè."

"Ìṣẹ́jú méjì," ni dírẹ́bà wí. "Gbogbo ayé ń pè mí lọ́lẹ." Ó yíjú sí ọkọ mi. "Ìwọ sì ni olórí wọn."

Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ náà délẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún wọn pé orí tábìlì ni ibùdókọ̀ náà wà, pé òun ló kọ́ ọ, ọmọ wa ló yà á. "Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ló ni ìdọ̀tí," ó ní, ó sì nawọ́ sí mi. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Fèrè ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò mí. "Ẹ kú iṣẹ́," ni wọ́n wí, bí wọ́n ṣe máa ń wí i. Wọ́n wá fi kún un: "Ibẹ̀ máa ń mọ́."

Ẹkún ni mo sun, mi ò sì tijú. Ọkọ mi fún mi ní áńkáṣíìfù ẹ̀. Àwọ̀ ìpẹtà ṣì wà lára ẹ̀, ó sì kùn mí lójú láti imú dé etí. Ọmọ wa ní kí n jẹ́ kí òun bá mi nù ún. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ níṣojú wa, mo sì gbé ojú mi bẹ́ẹ̀ rìn délé.