Ìwọ̀n Khahliso Nínú Oṣù Kẹsàn-án

Mo kí yín, ẹ̀yin òbí, mo sì kí ẹ̀yin tí Olúwa ṣì máa sọ di òbí. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó mọ iye irun orí wa, tó sì mú wa la òtútù ọdún yìí já. Ìtàn kékeré kan ló wà lọ́kàn mi. Ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ ọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ìkùukùu sọ̀ kalẹ̀ bo abúlé wa, Ha Lephoi, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òkè fi dàbí ohun tí èèyàn lá lálàá tí kò rántí tán. Igi eléso písì ti tanná. Òdòdó wọn ń yọ nínú funfun náà bí osùn tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀. 'Makhahliso pọn ọmọ rẹ̀, Khahliso, ó ń lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nìkan ló ń rí.

Ọmọ oṣù mẹ́rìndínlógún ni Khahliso. Ara rẹ̀ le, kò wúkọ́, kò ya ìgbẹ́ gbuuru. Ọjọ́ ìwọ̀n lásán ni, èyí tí gbogbo ìyá ọlọ́mọ ń lọ. Síbẹ̀, ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí oúnjẹ kò ti lọ lọ́fun ìyá rẹ̀.

Ìwé kékeré tí wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n ọmọ ló ń bà á lẹ́rù. Bí wọ́n bá ti wọn ọmọ, nọ́ọ̀sì á fi àmì kan síbẹ̀, á sì fa ìlà láti orí àmì àtijọ́ wá sórí tuntun. Bí ìlà bá ń gòkè, wọ́n á yin ìyá. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á ní kí ó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé ọmọ kan lọ láti ìsàlẹ̀ abúlé wa. Aṣọ rẹ̀ nìkan ló bá ìyá rẹ̀ padà.

Ní oṣù Keje, tí òtútù máa ń mú jù lọ ní abúlé wa, àyà ń dun 'Makhahliso, kò lè dìde. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Nkhono, ìyẹn Ìyá Àgbà, ló gbé ọmọ lọ nínú yìnyín. Nígbà tó dé, ó na ìwé náà sókè: kílò mọ́kànlá! Ìlà ti fò bí ewúrẹ́ tó rí ewé. Gbogbo abúlé gbọ́. Bàbá Khahliso gbọ́ níbi ìwakùsà tó wà. Ní oṣù Kẹjọ, yìnyín dí ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò lọ. Láti ìgbà náà ni 'Makhahliso ti ń ka òkèlè ọmọ rẹ̀, kí ìlà náà má bàa sọ̀ kalẹ̀. Lójú àlá, ó ń rí ìwọ̀n kan tí okùn rẹ̀ so mọ́ ojú ọ̀run. Á gbé ọmọ sínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò ní mì. Ọmọ náà á fúyẹ́ bí òwú àgùntàn, afẹ́fẹ́ á sì máa gbé e lọ.

Ohùn Nkhono jáde láti inú ìkùukùu lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyàwó mi, ṣé ìwọ̀n ń sá lọ ni?"

"Rárá, Ìyá. Mo fẹ́ ká tètè lọ ká tètè bọ̀ ni."

"Kí lo fún un jẹ?"

"Ẹ̀kọ ọkà bàbà. Abọ́ méjì."

"Abọ́ méjì! Ṣé ọmọ lò ń bọ́ ni, àbí màlúù tó fẹ́ lọ sọ́jà?"

'Makhahliso kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá, lọ́wọ́ yín ló ti tó kílò mọ́kànlá. Ẹ má jẹ́ kó já wálẹ̀ lọ́wọ́ tèmi."

Nkhono wúkọ́. Ó fa búláńkẹ́ẹ̀tì nínípọn tó máa ń dà bo èjìká rẹ̀ mọ́ra, ó sì tẹ̀ lé e títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn.

Àwọn ìyá ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ orin ìyìn.

"Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́!" ni ọ̀kan wí. "Èyí á já okùn ìwọ̀n lónìí!"

Nọ́ọ̀sì Mosele bọ́ aṣọ ọmọ náà, ó wọ ṣòkòtò ìwọ̀n fún un, ó sì gbé e kọ́ sórí ìwọ̀n. Khahliso ń fi ẹsẹ̀ gbá afẹ́fẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì wo abẹ́rẹ́. Ó wo ìwé. Ó tún wo abẹ́rẹ́.

"Kílò mẹ́wàá," ó wí. "Mọ́kànlá ni lóṣù Keje. Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun. Ọlọ́run gbọ́, ó ń jẹun!"

"Mi ò bá yín wí, Ìyá Khahliso. Ṣùgbọ́n ọmọ ò gbọ́dọ̀ sọ kílò kan nù lóṣù méjì. Mo ní láti kọ̀wé kẹ́ ẹ gbé e lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́la."

Ó mú kálàmù. Lójú 'Makhahliso, ó dà bí ẹni pé ìkùukùu ti gba ojú fèrèsé wọlé. Ó ń gbọ́ orin náà láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Ó já ọmọ gbà, ó gbá a mọ́ àyà bó ṣe wà níhòòhò, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó fẹ́ wọ inú funfun náà lọ, kí ẹnikẹ́ni má rí àwọn méjèèjì mọ́.

"Dúró!" Nkhono ló kígbe. "Nọ́ọ̀sì, má kọ ọ́. Èmi ni."

"Ẹ̀yin ni báwo, Ìyá?"

"Lóṣù Keje, ọkùnrin tó ń wọn ọmọ ní kí n bọ́ aṣọ rẹ̀. Mo ní kò jọ ọ́, ọmọ ọmọ mi ò ní gan sínú yìnyín. Búláńkẹ́ẹ̀tì mi ni mo fi wé e tí wọ́n fi gbé e kọ́."

"Èyí tó wà lára yín yìí?"

"Òun náà."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Mo fẹ́ sọ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pè mí ní ọlọ́wọ́ ire kiri abúlé. Ó dùn mọ́ mi nínú."

"Àṣé búláńkẹ́ẹ̀tì ló ń sanra!" ni ẹnì kan wí lórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀rín sì bú sílẹ̀. Nkhono kò rẹ́rìn-ín. Ó tú pín-ìn-nì tó fi de búláńkẹ́ẹ̀tì náà láyà, ó sì gbé aṣọ náà fún nọ́ọ̀sì. Wọ́n gbé e kọ́ sórí ìwọ̀n. Kílò kan àti ààbọ̀ géérégé.

Nọ́ọ̀sì Mosele fagi lé àmì oṣù Keje. Ó fi òmíràn sí kílò mẹ́sàn-án àti ààbọ̀, ó sì fa ìlà tuntun láti ibẹ̀. Ìlà náà rọra ń gòkè, bí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó ń gun òkè wa.

"Kò sóhun tó ṣe é," ó wí. "Ẹ máa gbé e lọ sílé."

'Makhahliso jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ọmọ.

"Oṣù méjì, Ìyá! Ẹ̀ ń rí i pé mi ò sùn."

"Mò ń rí i," Nkhono dáhùn. "Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé n ó sọ lọ́la."

Ó dúró nínú aṣọ ilé rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń gbọ̀n. 'Makhahliso kò tíì rí i láìsí búláńkẹ́ẹ̀tì rí lójú ọ̀sán. Egungun èjìká rẹ̀ yọ bí ti ọmọ ẹyẹ. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó mú búláńkẹ́ẹ̀tì náà, ó dà á bo ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ de pín-ìn-nì náà.

"Inú ṣì ń bí mi o," ó wí.

"Ó yẹ kó bí ọ."

Nígbà tí wọ́n ń padà, Khahliso sọkún pé òun fẹ́ jẹun. Wọ́n jókòó sórí òkúta kan láàárín ìkùukùu. Nkhono bu búrẹ́dì, 'Makhahliso gbà á, ó fi lé ọmọ lọ́wọ́, kò ka òkèlè mọ́, ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ó ń wo ibi tí oòrùn ti fẹ́ là.

Ìwọ tó ń ka èyí, kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ọmọ rẹ fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Kó fún ọ ní oorun tó dùn, kó sì fi ẹni tó máa sọ òótọ́ fún ọ sí ìtòsí rẹ. Àmín.