Ilé Tí Kò Nílò Fáànù

Ọ̀gá ilé-ìwé gbé ẹ̀rọ tó fi ń wọn ooru sójú, ó fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀, ó tún un wò. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Níta lábẹ́ igi, méjìlélọ́gbọ̀n péré ló kà.

"Bàbá, ìta tutù ju inú ilé yín lọ."

Bàbá Alámọ̀ rẹ́rìn-ín ẹni tójú ń tì. "Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀."

Ẹ̀rọ tí kò sáré, kí ló fẹ́ sinmi sí?

Ayàwòrán ilé ni ọkùnrin náà, gbogbo àdúgbò ló sì ti gbọ́ ìwàásù rẹ̀ sú. Ògiri amọ̀ tó nípọn, fèrèsé tó kọjú síra, òrùlé tó yọ síta kí oòrùn má bàa kan ògiri: ó ní ẹni tó bá kọ́lé báyìí ò ní ra fáànù títí ayé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Bàbá Alámọ̀. Bí wọ́n bá ní òjò á wó o, á ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà. Ilé tirẹ̀ ló máa ń fi ṣẹ̀rí. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ márùn-ún gbé inú rẹ̀, wọn ò sì ra fáànù kankan.

Ẹ̀rí náà ni ọ̀gá wá wò lónìí. Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé fẹ́ kọ́ kíláàsì mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ní sìmẹ́ńtì àti páànù làwọn fẹ́, ọ̀gá nìkan ló ní kí wọ́n jẹ́ kóun wo ti amọ̀ ná. Aago mẹ́rin ni ìpàdé. Bí ẹ̀rọ yìí bá ní ilé gbóná, ó parí nìyẹn. Ọdún mẹ́ta gbáko rèé tí ẹnikẹ́ni ò ti kanlẹ̀kùn Bàbá Alámọ̀ nítorí iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbálẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó fọ ife mẹ́fà fún àlejò kan ṣoṣo.

Ó gun àga, ó yẹ àjà wò. Ó jáde lọ fọwọ́ kan ògiri, ògiri tutù. Fèrèsé pálọ̀ ṣí gbayawu. Àní kí ló wá dé? Òógùn bò ó, ó sì di ẹ̀bi ru aládùúgbò tó gé igi lọ́dún tó kọjá.

Ọ̀gá ti dìde ní tirẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí ọmọ iléèwé, kò sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí kì í wò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá, afẹ́fẹ́ tó ń gba fèrèsé pálọ̀ wọlé, ibo ló ń gbà jáde?"

"Inú àwọn yàrá ni. Bó bá ti wọlé níhìn-ín, á gba..." Ó yíjú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà ní títì.

"Àwọn wo ló ń gbé ibẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan. Àwọn ọmọ ti lọ sọ́nà jíjìn. Ìyá wọn náà... ọdún mẹ́ta rèé tó ti ṣaláìsí. Orí àga gígùn yìí ni mò ń sùn." Ó ń wo ilẹ̀. "Mo tì wọ́n kí eruku má bàa wọbẹ̀ ni."

Eruku kọ́, ẹ jàre. Ibùsùn tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀ ni kò fẹ́ máa rí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," ni ọ̀gá wí. Lẹ́yìn náà ló tẹ́wọ́. "Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Bàbá kò fún un; òun fúnra rẹ̀ ló ṣí wọn. Yàrá tòun tìyàwó rẹ̀ ló fi ṣìkẹyìn, ẹ̀ẹ̀mẹta sì ni kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí fèrèsé. Afẹ́fẹ́ sáré wọlé, ó gbé kọ́tìnì, ó tú bébà orí tábìlì ká. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ẹ̀rọ. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Nígbà tó fi máa tó wákàtí kan, ó ti di ọgbọ̀n.

"Mo ti rí ohun tí màá sọ fún wọn," ni ọ̀gá wí bó ṣe ń gbé báàgì rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sórí àwòrán kíláàsì tẹ́ ẹ yà o, pé ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́lé yìí gan-an ò kúkú mọ̀."

Nígbà tó lọ tán, Bàbá Alámọ̀ tẹ́ àwòrán kíláàsì sórí tábìlì, ó mú pẹ́ńsù. Lóòótọ́, kò kọ irú rẹ̀ rí. Nígbà tó ń ya ilé tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún ọmọ márùn-ún pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ọ̀kan ń já wọlé, èkejì ń já jáde, ìyá wọn ń pè wọ́n láti yàrá dé yàrá. Ó wá fi gbogbo ọdún yẹn yangàn pé ọgbọ́n orí òun ló ń mú ilé tutù.

Ilẹ̀kùn kan gbá gbòà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ rọra o!"

Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé pẹ́ńsù dúró sókè, ó ń retí ẹni tó máa bẹ̀bẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dìde, kó tó lọ wá búlọ́ọ̀kù amọ̀ kan tó máa fi dá ilẹ̀kùn náà dúró.