Ẹni Tó Dúró Níwájú Gólì

Mo mọ iyàn í jà. Kí n má purọ́, mo mọ̀ ọ́n ju iṣẹ́ mi lọ. Ní ilé ìkẹ́rùsí tí a ti ń ṣiṣẹ́, Gàgàrà ni wọ́n ń pè mí torí pé mo ga, ṣùgbọ́n ẹnu mi gùn ju ẹsẹ̀ mi lọ.

Ní Sátidé yẹn, yàrá ẹ̀ṣọ́ la ti wo bọ́ọ̀lù lásìkò ìsinmi ọ̀sán, bí a ti máa ń ṣe. Tẹlifíṣọ̀n tí ẹ̀ṣọ́ fi ń wo àwòrán kámẹ́rà ilé iṣẹ́ la yí sí bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ wa gbá góòlù kan wọlé láti òkèèrè, a fò sókè, àfi bí rẹfirí ṣe fọwọ́ sétí. Àwọn tó ń wo fídíò ń pè é. Wọ́n ní agbábọ́ọ̀lù wa kan dúró ní ọfúsáìdì níwájú gólì, aṣọ́lé wọn. Kò fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù o. Ó kàn dúró ni. Rẹfirí lọ wo fídíò, ó padà dé, ó fagi lé góòlù.

Ẹ̀ṣọ́ mú máàkà, ó fa ìlà sára gíláàsì tẹlifíṣọ̀n. Lóòótọ́, ọmọ wa ti kọjá ìlà. Ìyẹn kọ́ ni mò ń bá wọn jà lé lórí.

"Ó kọjá ìlà, mo gbà," ni mo wí. "Kí ló ṣe fún gólì? Ṣé ó tì í ni? Ṣé ó fà á láṣọ? Ẹni tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló dá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ lẹ sọ," ni àna mi wí. Òun ló fẹ́ àbúrò mi obìnrin. Èmi ni mo bá a wá iṣẹ́ síbẹ̀, ó ń wa fọ́kílíìfù, ọkọ̀ kékeré tó ń fi irin méjì gbé ẹrù. Ohunkóhun tí mo bá sọ, ó ti gbà á.

Gólì, ẹlẹgbẹ́ wa kan, nìkan ni kò gbà. Ó ti ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ kan nígbà èwe rẹ̀, kí orúnkún rẹ̀ tó bàjẹ́, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Kì í pariwo. "Gàgàrà, o ò ṣọ́lé rí," ó ní. "Ojú ni gólì fi ń mú bọ́ọ̀lù kó tó fọwọ́ mú un. Ẹni tó bá dí i lójú ti ṣe é tán."

Alábòójútó wa, obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife tíì rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò dá sí i.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí sí Sátidé. Èmi ni mo jí i. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo bá Gólì níbi tó ti ń to páálí, lẹ́yìn kọ̀nà kejì. Wọ́n so dígí ribiti kan mọ́ òpó níbẹ̀, kí awakọ̀ lè rí ẹni tó wà lẹ́yìn kọ̀nà kó tó yà. Òfin ilé iṣẹ́ ni pé bí awakọ̀ ò bá rí dígí, kó dúró.

"Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi gólì," mo wí fún un. "Èmi á dúró níwájú rẹ. Sọ fún mi bí o ò bá rí ẹnu ọ̀nà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi páálí sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Mo dúró síwájú òpó, mo kọjú sí i, mo na apá méjèèjì, ara mi sì bo dígí.

"Mi ò rí nǹkan kan," ni Gólì wí.

Mo gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́yìn mi. Mo rò pé á dúró. Ọkọ̀ àna mi yà ní kọ̀nà, irin rẹ̀ sì gbá Gólì lórí.

Ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, kò lajú.

Kó tó di ọ̀sán, alábòójútó pe èmi àti àna mi sí yàrá ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ gbé àwòrán náà sí tẹlifíṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó nu ìlà Sátidé kúrò. Ó gba ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ mi kọjá, èmi sì wà lódì kejì rẹ̀. Gbogbo wa la rí i.

"Tún un fi hàn wá," ni alábòójútó wí. "Díẹ̀díẹ̀."

Àwòrán náà kò ní ohùn. Nígbà àkọ́kọ́, ó dà bíi pé àna mi wo apá ibi tí dígí wà. Nígbà kejì, ó dà bíi pé ẹrù rẹ̀ ló ń wò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni apá mi tí mo nà ṣe ń jọ ohun tí mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe.

"Orúkọ kan ni àwọn ọ̀gá ní kí n kọ," ni alábòójútó wí. "Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí mo bá kọ, àwọn ọlọ́pàá á sì wá mú un." Ó yíjú sí àna mi. "Ṣé o rí dígí?"

"Mi ò rí i, mà. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí. Mo rò pé bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀, wọ́n á ké sí mi."

Ó wá wò mí. "Gàgàrà, mo gbọ́ ọ ní Sátidé. Ẹni tó kàn dúró, ṣé ó jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi?"

Àna mi kò fojú bẹ̀ mí. Ó ti fọkàn balẹ̀ pé mi ò ní já òun kulẹ̀. Mo rántí àbúrò mi, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Mo rántí Gólì, tó jẹ́ pé ojú mi ló ń wò kẹ́yìn, tó sì lè lajú nígbàkígbà kó sọ ohun tó rí. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù ara mi nìkan.

"Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan, mà," ni mo wí.

Ó kọ orúkọ àna mi sílẹ̀. Àna mi yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nínú àpò, ó gbé e sórí tábìlì.

"Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ ní Sátidé," ó ní. Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀ṣọ́ mú àkísà tútù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ìlà náà. Kò kúrò. Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún. Àbúrò mi ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní nǹkan ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ yín, ọkọ mi ò sì gbé fóònù rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yin wà níbẹ̀. Kí lẹ rí?"

Ọkọ rẹ̀ jókòó síwájú mi, ó ń wo ilẹ̀.

"Mi ò rí nǹkan kan," mo wí fún un. "Mo kọ ẹ̀yìn sí i ni."