Fọ́tò Méje Láti Orí Ìkúnlẹ̀

Fọ́tò méje, gíga kan náà. Tseten tó ń kọ́ wa ní fọ́tò kò tilẹ̀ bínú nígbà tó ń sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ká ní ó pariwo mọ́ mi ni, èmi náà ì bá ti pariwo padà, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti tán. Ó kàn tò wọ́n sórí tábìlì lánàá, ó rẹ́rìn-ín. "Sister Wosi, all same height. Stand up. Climb chair." Òyìnbó ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n látàárọ̀ Yorùbá ni mo fi ń gbọ́ ọ. Dìde. Gun àga. Dìde…

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kí aago mẹ́rin tó lù ni Tseten fẹ́ gba méje náà padà lọ́wọ́ mi, ó kéré tán kí n ti ya ọ̀kan nínú wọn láti òkè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Norbu ló ni ògiri. Ògiri — ta ni màá sọ ọ́ fún nílé, pé torí ògiri ni mi ò ṣe jẹun ọ̀sán? Gbọ̀ngàn kékeré kan ni, ní Al Qusais, nílẹ̀ Lárúbáwá yìí, níbi tí àwọn ará Tibet tó ń ṣiṣẹ́ níbí ti ń pàdé. Ní Sunday wọ́n fẹ́ gbé fọ́tò tó sọ ìtàn Momo Dolkar, ìyá àgbà Tseten, kọ́ sára ògiri ibẹ̀, nítorí Momo ń padà sí India lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìtàn kan, ẹni kan ṣoṣo ni yóò ya á. Ọmọ Tibet bíi tiwọn ni Norbu, a jọ ń kọ́ fọ́tò ni. Kúùkù ni, ó gbọ́ èdè wọn, ó mọ orin wọn. Èmi wá ńkọ́? Wòsílátù ọmọ Ìwó, tó jókòó sídìí tábìlì àwọn security nísàlẹ̀ ilé gogoro kan ní Al Taawun, tó ń fẹ́ kí wọ́n fa ògiri wọn lé òun lọ́wọ́. Ojú mi mà le o.

Èmi náà ni mo fẹnu ara mi béèrè. Tseten ń kọjá lọ síbi lífítì pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn, mo ní kí ni nǹkan gígùn tó yọ níwájú ẹ̀ yẹn. Ó bọ́ ọ lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi kọ́ mi lọ́rùn. Friday tó tẹ̀ lé e, mo ti wà nínú yàrá tí Tseten ti ń kọ́ wọn ní fọ́tò ní Al Qusais, ènìyàn mẹ́tàlá lórí ilẹ̀, nọ́ọ̀sì, kúùkù, àwọn tó ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì. Tibet ni gbogbo wọn ń pè nílé, bẹ́ẹ̀ èyí tó pọ̀ nínú wọn kò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí. India ni wọ́n bí wọn sí. Ọ̀nà ilé ti dí. Ìdí tí wọ́n fi ń kọ́ fọ́tò nìyẹn, kí àwọn fúnra wọn lè sọ ìtàn ara wọn. Èmi sì rèé láàárín wọn, ẹyọ ẹ̀wà kan nínú ìrẹsì.

Ṣùgbọ́n orúnkún mi… Orúnkún mi ló dá gbogbo èyí sílẹ̀.

Ọjọ́ tí Tseten kọ́kọ́ mú mi lọ sí àjà kọkànlá, tó ní kí n wá kí ìyá àgbà òun — Momo ni wọ́n ń pe ìyá àgbà — mo bá Momo lórí ìjókòó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́ wọn. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé kámẹ́rà wà lọ́rùn mi. Kí ni kí n wá ṣe? Kí n dìde dúró lé àgbà lórí, kí n wá na nǹkan dúdú sí wọn níwájú orí? Ìyá tó bí ìyá mi kò dàgbà tó wọn. Mo bá yà á láti ibi tí mo wà. Mo tún padà lọ, mo tún kúnlẹ̀. Odindi oṣù méjì. Àwọn yòókù ń kọ́ ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń kọ́ òkè, wọ́n ń kọ́ ẹ̀gbẹ́. Orúnkún mi kò kọ́ nǹkan kan. "Why are you always down there?" Tseten bi mí bẹ́ẹ̀ lánàá, mo kàn ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọ̀gá Olúṣẹ̀san náà ti sọ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọjọ́ tí mo kúnlẹ̀ kí Momo lẹ́nu lífítì. "Wòsílátù, security kì í kúnlẹ̀ nínú uniform. Tí client bá rí i ńkọ́?" Òun tó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá ìyàwó ẹ̀ lórí video call.

Mo ti gun àga o. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé mi ò gbìyànjú. Ní break ọ̀sán yìí, mo sáré gòkè, Tseten ti lọ síbi iṣẹ́, Momo fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó sí. Mo gbé àga ilé ìdáná, mo gùn ún. Mo ń sọ pé ẹ má bínú o, Momo, ẹ má bínú, Yorùbá tí wọn ò gbọ́. Mo fi fóònù yà wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Momo gbójú sókè wò mí. Wọ́n rọra fa ìborùn wọn bo iwájú orí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlẹ̀kẹ̀ wọn lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Fọ́tò náà sì dára. Ìyẹn gan-an ni wàhálà ibẹ̀. Ó wà nínú fóònù mi níbí, ó dára. Irun funfun tí wọ́n là láàárín, ìlẹ̀kẹ̀ lórí itan, ife tíì roboto, ẹní pupa. Tseten máa fẹ́ràn ẹ̀. Kí n tẹ send, ó tán, khalas. Kí ló wá dé tí àtàǹpàkò mi ò sọ̀ kalẹ̀? Àbí n kì í ṣe fótógíráfà rárá? Àbí ẹ̀kọ́ ilé lásán ni mo ní, tí mo wá ń pè é ní iṣẹ́? Ọmọ tó mọ àgbà á kí kò ní kó mọ fọ́tò ó yà. Bóyá ohun tí màmá mi fi kọ́ mi ní Ìwó náà ló ń dí mi lójú báyìí…

Lífítì ṣí. Ojú mẹ́rìndínlógún ni CCTV tó ń ṣọ́ ilé ní níwájú mi, mo sì rí ẹni tó jáde nínú ìkẹsàn-án. Momo ni. Wọ́n ń lọ yá oòrùn lẹ́yìn ilé, ọ̀pá lọ́wọ́ wọn. Irun funfun tí wọ́n là láàárín.

Mo wo fóònù. Mo wo CCTV.

Ọ̀kan náà ni.

Ọ̀kan náà ni wọ́n. Orí kan náà, òkè kan náà. Ẹ̀rọ tó wà lára àjà yẹn ti ya fọ́tò tí mo gun àga lọ yà, kò gun nǹkan kan, kò mọ orúkọ Momo, ó sì ti ń ya orí ọkùnrin tó gbé omi wá báyìí. Wákàtí méjìlá lójúmọ́ ni mo fi ń wo orí ènìyàn láti òkè. Mo mọ ẹni tí orí rẹ̀ ń pá nínú ilé yìí. Bí mo bá pàdé rẹ̀ nígboro Deira, mi ò ní mọ̀ ọ́n.

Dúró ná. Lọ́rì. Kí ni Momo sọ nípa lọ́rì?

Ọjọ́ tí wọ́n fún mi ní tíì oníyọ̀ wọn ni. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ife. Tseten ń túmọ̀, ojú rẹ̀ wà lórí fóònù, bí ẹni tó ti gbọ́ ọ nígbà igba. Pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Momo nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè yìnyín wọ India. Pé àwọn kan wá ya wọ́n ní fọ́tò, orí lọ́rì ni àwọn tó ń yà wọ́n dúró sí. "Fọ́tò náà wà dòní. Orí wa pọ̀ nínú ẹ̀. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi." Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, Momo. Mo rò pé ìtàn ìbànújẹ́ lásán ni. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́ mi.

Mo ṣí méje náà. Èkíní, ojú Momo. Ìkejì, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, eyín méjì ló kù lókè. Ìkẹta, wọ́n gbé ojú kúrò lára ìlẹ̀kẹ̀ láti wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó tètè dé láti iléèwé. Ìkẹrin, ìkarùn-ún… Nínú gbogbo wọn, ìborùn wà léjìká. Kò sí èyí tí wọ́n fà á bo orí. Norbu gbọ́ èdè wọn, ó sì gun orí wọ́dírọ́ọ̀bù láti ya tirẹ̀, gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un, èmi gan-an pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ojú Momo dà. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́, èmi tó gbọ́ ọ láti kékeré ni mo wá ń gun àga.

Inú mi ń dùn débi pé ó fẹ́ máa dẹ́rù bà mí. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín sókè, ọkùnrin olómi ń wò mí.

Mo pa ti orí àga rẹ́. Fóònù ní ṣé ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú. Mo kó méje ti tẹ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe wà, gíga kan náà, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ wọn fún Tseten ní Òyìnbó tí mo gbọ́: o bi mí lánàá ìdí tí mo fi máa ń wà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni Momo wà. Mo fi í ránṣẹ́.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò tíì fèsì. Ó lè gbé ògiri fún Norbu, yóò dùn mí gan-an, màá sì lọ wò ó ní Sunday. Lífítì ń ṣí, ó ń pa dé, orí àwọn ènìyàn ń kọjá níwájú mi, títí di aago mẹ́jọ ni màá ṣì wà lórí ìjókòó yìí. Ṣùgbọ́n fótógíráfà ni mí. Mo rí ojú Momo Dolkar, mo sì mọ ibi tí mo dúró — rárá o, ibi tí mo kúnlẹ̀ sí tí mo fi rí i.