Ìgò Oògùn Inú Àpò Ẹ̀wù

Dókítà gba ìgò oògùn tí káfíńtà yọ látinú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Káfíńtà ń gbọ́ bó ṣe ń yí i po lórí tábìlì, tí ike rẹ̀ ń ha á. Ìró rẹ̀ ti jẹ́ kó mọ̀ pé tábìlì náà kì í ṣe igi gidi.

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ máa lo èyí?"

"Dókítà kan ni, ó ti pẹ́. Eruku pákó ló ń yún mi lójú nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí mo kán an, ojú mi tutù pẹ̀sẹ̀."

"Ọjọ́ mélòó ló ní kí ẹ fi lò ó?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó rò pé òun gbọ́n. "Ṣùgbọ́n ta ló máa rí oògùn tó ṣiṣẹ́ tí á sọ ọ́ nù? Ó ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí tí mo ti ń rà á. Ká tó gbé ayùn lé igi láàárọ̀, a ti kán an."

Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó mú un wá, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ bíi rédíò, kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló kọ́kọ́ ba káfíńtà lẹ́rù.

Ìrètí ló gbé e wá sílé ìwòsàn. Ojú òsì ti lọ láti ọdún tó kọjá. Ti ọ̀tún kò rí ju òjìji lọ. Àwọn ará àdúgbò ti fi dá a lójú pé awọ funfun tó máa ń bo ojú àgbà ni, pé àwọn dókítà á bó o kúrò, á sì padà sídìí iṣẹ́. Ojú-ni-rúlà ni wọ́n ń pè é nígbà tó ṣì ń ríran, nítorí ó lè wo ẹnu ọ̀nà kan lókèèrè kó sì gé férémù tí yóò wọ̀ ọ́ wẹ́kú láìfa tépù. Ó ti gbà pé òun yóò tún rí, débi pé ó ti ní kí ọmọ rẹ̀ pọ́n ayùn òun sílẹ̀.

Dókítà fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Bàbá, kì í ṣe awọ. Omi kan wà nínú ẹyinjú, ó máa ń wọlé, ó máa ń jáde. Oògùn yìí dára fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n téèyàn bá lò ó pẹ́, ó lè dí ọ̀nà tí omi náà ń gbà jáde. Omi á wá pọ̀ jù, á máa tẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ, títí iṣan náà á fi kú. Kì í dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń jẹ ẹ́ bọ̀, ẹni tó ń ṣe kì í tètè mọ̀."

"Èyí tó ti kú yẹn, ẹ ò lè tún un ṣe?"

"A ò lè tún un ṣe, Bàbá."

Káfíńtà gbé ọwọ́ lé orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kán ìfọ́jú sójú, tó sì ń dúpẹ́ pé ojú òun tutù. Ó fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn sọ sí i lọ́kàn kí ẹkún tó dé.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ń bá a ṣiṣẹ́, ọdún méje rèé. Òun ló ń lo ẹ̀rọ ìlagi báyìí, òun làwọn oníbàárà ń pè ní Ọ̀gá Kékeré. Láràárọ̀ ni baba ń kán oògùn náà fún un kí eruku tó sọ. Nígbà tí ojú baba wá lọ, kò jáwọ́ ńbẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ mọ ìpéǹpéjú ọmọ náà bó ṣe mọ etí pákó. Nínú gbogbo iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn nìkan ló kù tó lè ṣe láìjẹ́ pé wọ́n dì í lọ́wọ́ mú, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Láàárọ̀ yìí náà, kó tó jáde, ó ti kán an fún un.

"Dókítà, bí ẹlòmíràn bá ń lò ó ńkọ́?"

"Ta ni?"

Ojú tì í. Ó kọ́kọ́ fẹ́ sọ pé aládùúgbò kan ni. "Ọmọ mi ni. Ọdún méje."

Àga dókítà dún lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe dìde. "Ẹ mú un wá lónìí, ẹ má sọ pé ó dọ̀la. Kó má kán ẹyọ kan sí i. Ohun tó bá ti lọ ti lọ, ṣùgbọ́n èyí tó bá kù, a lè dì í mú tó bá tètè dé."

Nínú ọkọ̀, àbúrò rẹ̀ pe ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà lórí fóònù. Kò gbé e.

"Ẹ̀rọ ló ń lò, Ẹ̀gbọ́n. Kò lè gbọ́."

Ohun tó yẹ kó fi í lọ́kàn balẹ̀ ló tún da jìnnìjìnnì bò ó. Ó ronú nípa abẹ ẹ̀rọ náà tó ń yí, àti ojú tí nǹkan ń jẹ láti ẹ̀gbẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbọ́ tí ọmọ náà fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn. Nígbà tó tún gbá a, ó bá a wí, ó ní iṣẹ́ káfíńtà kò fẹ́ aláìfarabalẹ̀. Ó wù ú báyìí kó gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ.

"Bá mi sọ fún awakọ̀ kó sáré."

"Ó ń sáré, Ẹ̀gbọ́n."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run ná ọjà. Kó mú òjìji tó kù lójú ọ̀tún. Kó mú ọwọ́ méjèèjì kún un. Kó ṣáà fi ti ọmọ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, àbúrò rẹ̀ ló pariwo kí ẹ̀rọ tó dákẹ́. Káfíńtà kò dúró kí wọ́n wá àga fún un. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ lórí ìdúró, ọ̀rọ̀ ń ṣubú lu ọ̀rọ̀, iṣan ṣáájú omi, omi ṣáájú oògùn. "Èmi ni mo fọ́ ojú ara mi," ló sọ níkẹyìn. "Àfàìmọ̀ kí n má ti ba tìrẹ náà jẹ́."

 Baba gbọ́ tí ọmọ náà fa dúrọ́ọ̀ tábìlì iṣẹ́, tó sì gbé nǹkan kékeré kan tó fúyẹ́ lé orí pákó.

"Kí nìyẹn?"

"Tèmi ni, Bàbá mi." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ó tó oṣù mẹ́fà tí ẹ̀gbẹ́ òsì mi ti ń ṣókùnkùn. Mo rò pé tiyín ni mo jogún. N ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, ìyọnu yín ti pọ̀ tó. Mo wá ra ìgò kan sí i. Mo tún máa ń kán an lálaalẹ́, kó lè tètè ṣiṣẹ́."

Àbúrò káfíńtà jókòó sórí àwọn pákó tí wọ́n tò jọ. Káfíńtà na ọwọ́ sí ojú ọmọ rẹ̀, ó tún fà á padà. Ẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀ ń bà á.

"Ẹ ní dókítà ní ká tètè dé," ọmọ náà wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Àbúrò káfíńtà ti sáré síwájú kí awakọ̀ má baà lọ. Ọmọ náà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi apá kọ́ baba rẹ̀ lápá. Àtẹ̀gùn méjì ló wà níwájú wọn kí wọ́n tó kan ìgboro. Ó ti tó ọdún kan tí ọmọ náà ti ń mú un sọ̀ ọ́, baba kò sì fetí sí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn rí, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń ṣọ́. Lónìí ó dúró, ó gbọ́. Bàtà ọmọ náà kò balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ fi ìka ẹsẹ̀ wá etí àtẹ̀gùn, ó kàn án, kó tó wá rọra gbé ara lé e.

Káfíńtà dúró de ẹsẹ̀ náà kó balẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló wá fi tirẹ̀ náà wá ilẹ̀.