Ẹ Má Fi Kànrìnkànrìn Kan Ọkọ̀ Mi

Ogún ọdún gbáko ni Ìyá Ọlọ́dà fi ń kun mọ́tò onímọ́tò kó tó ra tirẹ̀, tuntun tó ń dán gbinrin. Ní ọjọ́ kẹta tó gbé e délé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin gbé garawa omi, ọṣẹ ìfọṣọ àti kànrìnkànrìn líle dé, ó ní òun fẹ́ bá a fọ̀ ọ́. Obìnrin náà sáré dúró síwájú ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe é. Ọṣẹ yẹn á pa dídán rẹ̀, kànrìnkànrìn á sì họ ọ́ lára."

"Èmi tí mo ti ń wa mọ́tò kí o tó dáyé?"

"Ẹ jù mí lọ, ẹ sì lè nà mí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dà, iṣẹ́ mi ni. Ẹ ò ní fọwọ́ kàn án."

Ẹ̀gbọ́n pòṣé, ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ìyá Ọlọ́dà kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó da omi sí i láti òkè kí eruku kọ́kọ́ ṣàn lọ, ó fi aṣọ rírọ̀ nù ún, ó sì fi ìpara ọkọ̀ pa á títí ó fi ń kọ mànà.

"Ó mà dára o," ni ẹ̀gbọ́n sọ nígbẹ̀yìn.

"Mo mọ̀," ló fi dá a lóhùn.